Ìbéèrè Tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ Fi Rán Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Òjò látàárọ̀. Aṣọ kún okùn, kò sí èyí tó gbẹ. Àwa tí à ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò, ilé tiwa ló ń rùn bí aṣọ tútù.

Nítorí ẹnu mi ni mo ṣe ra ìwé yìí. Alágbàfọ̀ tó bá ń sọ gbogbo ohun tó rí nínú àpò oníbàárà, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fọ aṣọ ara rẹ̀ nìkan. Torí náà, ìwé ni màá máa bá sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn yà wá mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ni, ọmọ tí màmá wa bí kẹ́yìn, ọlọ́pàá tuntun. Sítáàṣì tí mo fi sí ṣòkòtò náà, ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Ó ní òun ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò ìmúnimọ́lẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wọn — bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán mú èèyàn, láìsí kóńdó, láìsí ìbọn. Mo ní ìwọ tí adìẹ màmá wa máa ń lé wọ yàrá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Adájọ́ ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́pàá ni o, kì í ṣe ọlọ́pàá ni o. (Adájọ́ ni ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún méjìlá. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá ẹjọ́ lé lórí.) Ọlọ́pàá bọ́ bàtà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wá tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀kùn yìí ti ń bá mi jìjàkadì. Ó ki wáyà tínínní kan bọ inú rẹ̀, ó gbé etí lé e, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ẹni tó bá fi agbára ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tuntun ló máa rà. Mo ní kí wọ́n lọ máa wàásù, iṣẹ́ yìí kéré fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọlọ́pàá ti ṣe Bàbá Kọ́kọ́rọ́ léṣe.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Tíṣà tó ń kọ́ Adájọ́ sọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ nù lánàá. Ó pe bàbá kó wá bá òun ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Tíṣà yà sílé kejì láti tọrọ iná tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bàbá nìkan ló kù nídìí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, wáyà lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́nu. Ẹnì kan rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó pe ọlọ́pàá pé olè ń jálẹ̀kùn. Àwọn méjì dé. Wọ́n ní kó ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá yíjú sí wọn tòun ti wáyà — ẹni tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹnu wo ni yóò fi fèsì? Ọ̀kan ká a lápá sẹ́yìn, ó dà á dojú bolẹ̀, ó gun orí ẹ̀yìn rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì já bọ́. Bàbá wá ń pariwo pé apá òun, apá òun. Gbogbo òpópónà gbọ́. Tíṣà sáré jáde, ó ń kígbe pé òun lòun pè é, ilé òun ni. Kí wọ́n tó fi bàbá sílẹ̀, èjìká ti dún.

Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó wà ní ọsibítù.

Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi kò mọ ọlọ́pàá tó ṣe é. Gbogbo wa jọ ṣépè fún un. Èmi ni mo ṣe àmín tó lóhùn jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Àbíkẹ́yìn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó dé ní kùtù, àpò kan léjìká, fìlà bò ó lójú. Ọ̀gá wọn ní kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ilé tirẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́, wọ́n ti kọ nǹkan sára ògiri ibẹ̀. Ó ní kí n má bi òun ohun tí wọ́n kọ.

Mo fún un ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo ń kó aṣọ táwọn oníbàárà gbàgbé sí. Ó sùn sáàárín kóòtù àwọn èèyàn tí kò padà wá mọ́.

Mo bi í bó ṣe jẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun lòun ṣe é, kò lé, kò dín. Mo ní bàbá ń pariwo. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbédè mi. Ó ní, “Bàbá ò ní kí n fi àwọn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, ǹ bá ti fi wọ́n sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.”

Gbogbo òpópónà gbọ́, àfi ẹni tó wà lórí ẹ̀yìn bàbá. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí lẹ́yìn tí màmá wa kú. Kò mọ irọ́ pa fún mi. Bó bá purọ́, etí rẹ̀ á pọ́n bí ata. Lónìí, etí náà kò pọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní àṣé iṣẹ́ ọlọ́pàá ti kọ́ ọ nírọ́ débi tí etí gan-an fi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ ọsibítù. Mo dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo ń ka pátákó tó ní ká má tutọ́ sílẹ̀. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí.

Mo kí ìyàwó bàbá, kò dá mi lóhùn. Ó ń ká ìbora, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Bàbá ní tirẹ̀ ń ṣàwàdà. Ó ní wọ́n ti ti apá òun pa, ọ̀dọ̀ dókítà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Èjìká ló yẹ̀, wọ́n ti dá a padà. Iṣan ló kù. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún kò ká mọ́. Dókítà ní ó lè padà sípò, ó sì lè má padà. Bàbá gbé ọwọ́ náà sórí ìbora, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ìgbà tó máa lọ. Ọwọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa.

Ó mọ̀ pé àbúrò mi ni. Ta ni kò tíì mọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò wá ẹ̀bẹ̀. Ó ní nǹkan kan ló ń jẹ òun lọ́kàn, kí n bá òun bi ọmọ náà.

“Mo sọ fún un pé, ọmọ mi, apá mi ń kán lọ. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ẹnu rẹ̀ wà létí mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Bá mi bi í: ṣé kò gbọ́ mi ni?”

Mo ní màá bi í. Mo délé, ó ń fọ abọ́, ó ti tún gbogbo ilé ṣe. Mi ò bi í.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn láì tíì lọ̀ ọ́. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ tòun ti omi. Kò bú mi o. Ó ní ìrìn àjò lòun ń lọ. Ìrìn àjò wo ni wọ́n ń fi aṣọ tútù lọ?

Ìyá Fèrèsé gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, kò gbé aṣọ dání. Ọ̀ọ́kán ilé Tíṣà ló ń gbé, kì í kúrò lójú fèrèsé. Bí ológbò bá bímọ ládùúgbò yìí, ó mọ bàbá ọmọ. Àmọ́ látọjọ́bọ̀ ni fèrèsé ti wà ní títì. Mo rò pé ìbínú ló fi tì í. Ó jókòó sórí agbọ̀n aṣọ mi, ó ní òun lòun pe ọlọ́pàá.

Ó ti tó ogún ọdún tó ti mọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ó ní ẹ̀yìn ọkùnrin tó kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ni. Ó ní oore lòun rò pé òun ń ṣe Tíṣà. Ó sunkún títí imú rẹ̀ fi wú. Kí ó tó lọ, ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì òun lọ, tòun tí òun sùn lórí rẹ̀, òun ò ní pe nọ́ńbà yẹn mọ́.

Kò bú àbúrò mi. Ó mọ̀ pé ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kó má baà gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Lọ́yà tí iṣẹ́ wọn gbà fún un wá. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé mo rí àjà ilé mi nínú rẹ̀ — Bàtà Dídán lorúkọ tí mo sọ ọ́. Ó kọ́ Àbíkẹ́yìn lọ́rọ̀ bí ẹni kọ́ ọmọ lórin: irin wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ń jà, ìdìmú náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Èmi ni kí n wá sọ pé oníwà tútù ni. Mo ní ṣé ẹ gbọ́ pé bàbá pariwo? Ó ní, “Mà, gbogbo ẹni tí ọlọ́pàá bá mú ló ń pariwo.”

Àbíkẹ́yìn mi orí sí i. Tọkàntọkàn. Inú bí mi débi pé mo jó kọ́là ẹ̀wù kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù aṣèbàtà àdúgbò wa lóru. Ó kéré tán, ilé mẹ́ta gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Mo bi aṣèbàtà fúnra rẹ̀, ó ní ó sàn kí ẹ̀rọ ìránbàtà òun sọ nù ju kí àbúrò òun tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù di ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó sọ ọ́ tán ló rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máà bínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí báyìí, kí ọwọ́ tó wú jù.

Adájọ́ wà nílé ìwé. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo bi Àbíkẹ́yìn níkẹyìn, bí bàbá ṣe rán mi gẹ́lẹ́: ṣé kò gbọ́ ni?

Ó ní òun gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, láìsí wàhálà. Ó ní gbogbo wọn ló ń pariwo. Mo ní kí ló wá ń dúró dè? Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé, kò rí i. Ó ní kí n dìde, òun á fi hàn mí, kò ní dùn mí.

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú mi dé ilẹ̀, apá mi wà lẹ́yìn. Kò lo agbára níbẹ̀ o, bí ìgbà tí mo ń ká ẹ̀wù ni. Mo ní ó ti tó, mo ti rí i. Ó rọra fún un sí i. Mo ní ó ń dùn mí. Ó tún fún un sí i. Mo pariwo. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pe oríkì rẹ̀, èyí tí màmá wa nìkan ń pè é. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí létí mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì. Kò bínú. Ká ní inú ń bí i ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè bẹ̀. Ó kàn ń dúró ni.

Mo na ọwọ́ òsì kí n di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Kò tó o. Ọwọ́ mi balẹ̀, pà. Mo tún nà án, ó tún balẹ̀, pà. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ò tètè lu ilẹ̀?”

Mo ní ilẹ̀ wo?

Ó wá ṣàlàyé. Ní gbọ̀ngán tí wọ́n ti kọ́ wọn, méjì méjì ni wọ́n ń di ara wọn mú. Ẹni tí kò bá lè fara dà á mọ́, á fọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó lu ara ẹnì kejì, wọn á sì fi í sílẹ̀ kíá. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, ìyà ló máa jẹ. Ariwo ńkọ́? Ó ní ẹnikẹ́ni kì í ka ariwo sí. Gbọ̀ngán yẹn kún fún ariwo látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń fi ṣeré ni. Olùkọ́ wọn máa ń sọ pé ẹnu olè mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, lójoojúmọ́, títí ara fi gbọ́ ọ kí orí tó gbọ́.

Mo ní, ta ló wá sọ ìyẹn fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́?

Mo rí i bó ṣe ń wọlé sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá wà lẹ́yìn, òun ló dì í mú. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ àyà bàbá, òun náà ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ há mọ́lẹ̀ ló jókòó tì, tó ń retí.

Kò purọ́ fún mi. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kò fi pọ́n. Ọlọ́run mi, irọ́ náà ì bá sàn.

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Mi ò lè dì í mọ́ra, ọ̀kan ni apá tó kù fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ó rí jákujàku. Mo sọ fún Adájọ́ pé mo ṣubú. Ó ní ẹni tó ṣubú máa ń bó lórúnkún. Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àbíkẹ́yìn ní òun máa sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Gbogbo rẹ̀. Ó pe Bàtà Dídán lórí fóònù, ohùn ọkùnrin yẹn dé ilé ìdáná: ṣé orí rẹ̀ pé? Bó bá sọ pé òun gbọ́ igbe tí òun ò sì tú u sílẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìléniníṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ wọn náà kò ní gbà kó tú àṣírí àwọn.

Ó wá bi mí pé kí ni kí òun ṣe.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ìwé, nígbà tí mi ò lè sọ ọ́ fún èèyàn. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni pé: dákẹ́. Èmi tí mo ṣe àmín sí èpè. Mo rò ó pé bàbá ti dàgbà, ó ti lo ọwọ́ rẹ̀ fún ogójì ọdún. Ọmọ mi nìyí, ẹ̀jẹ̀ màmá mi, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ojú ara mi tì mí bí mo ṣe rò ó, síbẹ̀ mo rò ó.

Mo ní kó jẹ́ kí n fi òru rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ti dá bàbá padà sílé. Mo lọ kí wọn. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àga, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́.

Mo ti mọ irọ́ tí mo máa pa: mi ò tíì ráyè bi í. Mo fi ṣáálì bo ọwọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ gba ife tíì, ṣáálì yẹ̀, ọwọ́ tó wú tó sì ti dúdú fò síta. Bàbá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó wá bojú wo ojú mi.

“Ṣé ìwọ náà pariwo?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bu omi tútù sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọwọ́ mi bọ inú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ṣe nǹkan kan fún mi látọjọ́ náà. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún Àbíkẹ́yìn pé kó lọ sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìgbìmọ̀ jókòó. Yàrá ńlá kan, fáànù mẹ́rin, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn àdúgbò wà lápá kan, àwọn ọlọ́pàá lápá kejì, àlàfo tó wà láàárín gba ọkọ̀ akẹ́rù. Mi ò mọ apá tí màá jókòó sí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Olùkọ́ wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pe ọlọ́pàá kan jáde láti fi hàn wọ́n. Ó ká a lápá, ó gbé e sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọlọ́pàá náà fọwọ́ lu ilẹ̀, pà, pà, olùkọ́ tú u sílẹ̀, ó dìde, ó gbọn ara nù, wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn. Obìnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ mi orí. Gbogbo wọn mi orí. Ó rí bí ohun tí kò lè pa èṣìnṣìn.

Wọ́n pe Àbíkẹ́yìn. Bàtà Dídán dìde, Àbíkẹ́yìn ní kó jọ̀ọ́ jókòó. Etí rẹ̀ kò pọ́n. Ó ní òun gbọ́ bàbá. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lòun gbọ́ ọ, òun ń retí kí bàbá lu ilẹ̀ ni, bí ọlọ́pàá yẹn ṣe lù ú nísinsìnyí. Ó ní òun ò rántí pé àwọn ará ìta kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ibi tí mo tẹ ọwọ́ wọn sí, bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn ò lè lù ú.”

Mo ń wo ojú àwọn ọlọ́pàá tó jókòó lápá kejì. Kò yà wọ́n lẹ́nu bó ṣe yà wá. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ronú kan ẹnì kan tí àwọn náà ti dì mú rí. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Alága bi Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bó bá ní ọ̀rọ̀. Ó ní ìbéèrè kan lòun ní, wọ́n sì ti dá òun lóhùn. Nígbà tí a ń jáde, ó kọjá lára Àbíkẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Mo ti ń gbàdúrà pé kó o jẹ́ adití.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́. Oníbàárà méjì padà. Ìyá Fèrèsé ṣí fèrèsé apá kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìdájọ́ dé. Wọ́n lé Àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ igbe. Wọ́n á máa wá nǹkan fún bàbá lórí ìtọ́jú rẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àbùkù kankan. Àwọn ọmọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngán náà ní Mọ́ńdè, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà.

Àbíkẹ́yìn gbé aṣọ iṣẹ́ wá kí n fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Mo fi sítáàṣì sí i. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ń lọ aṣọ lọ́sàn-án nígbà tí mo gbọ́ ọ ní pálọ̀. Pà, pà. Ó dákẹ́. Pà, pà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró, mo sáré lọ wò ó.

Adájọ́ ló dojú délẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tòun ti aṣọ ilé ìwé. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá lòun ń ṣe. Ó ní Tíṣà kó gbogbo wọn jáde sórí pápá lónìí, méjì méjì. Ẹnì kan á ṣe ọlọ́pàá, ẹnì kejì á dojú bolẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ẹ má pariwo, wọn kì í gbọ́ ariwo. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ lù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Tíṣà ní kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ará ilé wọn. Ìyá Fèrèsé ti kọ́ ọ, ó ní orúnkún ló ń dun òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun yá. Aṣèbàtà náà ti kọ́ àbúrò rẹ̀.

Ohun tí Àbíkẹ́yìn lọ sọ kí àwọn ọlọ́pàá lè yí padà, àwa ló yí padà.

Mo ní ọwọ́ wo ni wọ́n ń lò? Ó ní èyíkéyìí tó bá ráyè. Mo ní bí ọlọ́pàá bá di méjèèjì mú ńkọ́? Ó gbé orí sókè, ó ronú. Ọmọ tí kì í wá ìdájọ́ tì. Ó ní Tíṣà kò kọ́ àwọn débẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ti jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ariwo ọwọ́ ló pè é. Adájọ́ yíjú sí i. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tún dojú bolẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá mú mi báyìí, kí ni kí n ṣe?

Ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo ti wá jókòó sídìí ìwé yìí. Àbíkẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, ó ń retí rẹ̀.